Ta lẹ ń fọ̀rọ̀ pamọ́ fún? Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, WhatsApp, Telegram àti Signal

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tó ń ta gàrí gbé fóònù wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íjẹ̀bú-Òde. Ojú fóònù náà ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, bá mi pààrọ̀ ojú ẹ̀ jàre. Tí mo bá ti Òkè-Àjẹ dé, màá yà gbé e." Mo bi wọ́n léèrè páásíwọ̀ọ̀dù. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Páásíwọ̀ọ̀dù kẹ̀? Kí ni mo ní tí mo fẹ́ tì pa?" Wọn ò tíì dé títì tí WhatsApp fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ wọn tó wà ní Ìpẹru ń sọ iye tó fẹ́ fi ránṣẹ́ àti báńkì tó máa gbà. Ìyàwó ọmọ mìíràn ń ro ẹjọ́ ọkọ rẹ̀. Ẹnì kan nínú gúrúùpù àwọn ọlọ́jà ń bú alága wọn. Mo da ojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì. Èmi nìyẹn o. Ọmọ iṣẹ́ mi tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ńkọ́?

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń bi mí jù ni pé, nínú àwọn áàpù tí a fi ń sọ̀rọ̀ wọ̀nyí, èwo ni kò léwu. Mi ò lè dáhùn àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ṣé ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé ni? Ṣé ọmọ Yahoo tó fẹ́ wọ báńkì yín ni? Ṣé iléeṣẹ́ tó ni áàpù ni, àbí ìjọba? Ọ̀nà tí oníkálukú wọn ń gbà wọlé yàtọ̀. Ẹni tó ra àgádágodo ńlá sí ẹnu ọ̀nà iwájú, tó wá fi fèrèsé ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, owó rẹ̀ ló fi ṣòfò.

Àrokò àti ìránṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohun kan. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń pàrokò, ẹni tó ń gbé e lọ lè máà mọ ohun tó gbé. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀, ẹfà ni: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ wa jọra. Lójú ìránṣẹ́, owó ẹyọ lásán ló wà lọ́wọ́ òun. Ohun tí WhatsApp ń kọ sí òkè ojú ewé yín pé "end-to-end encrypted" kò jìnnà sí èyí. Fóònù yín ló ń sọ ọ̀rọ̀ di àrokò, fóònù ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí ló ń tú u, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì sí níbòmíràn. Gbogbo ẹni tó bá gbé e láàárín, títí kan iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, owó ẹyọ ló rí.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé ìránṣẹ́ yẹn o. Kò mọ ohun tí àrokò wí, ṣùgbọ́n ó mọ ilé tó ti gbé e jáde, ó mọ ilé tó gbé e wọ̀, ó sì mọ̀ pé òru ni. Tí ẹ bá pe akọ̀ròyìn kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ méjì, tí ìròyìn nípa ibi iṣẹ́ yín sì jáde lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá yín ò nílò láti mọ ohun tí ẹ sọ.

| | Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán | WhatsApp | Telegram | Signal |
|---|---|---|---|---|
| Ṣé agbedeméjì lè kà á? | Bẹ́ẹ̀ ni | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni, àfi Secret Chat | Rárá |
| Ṣé wọ́n mọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀? | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni | Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ |
| Ṣé ẹlòmíràn máa rí nọ́ńbà yín? | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni | Ẹ lè fi pamọ́ | Ẹ lè fi pamọ́ |
| Iye ènìyàn nínú gúrúùpù | Kò sí | 1,024 | 200,000 | 1,000 |
| Ṣé àwọn ẹbí yín wà níbẹ̀? | Gbogbo wọn | Gbogbo wọn | Àwọn ọ̀dọ́ | Bóyá ẹyọ kan |

Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ohun tó dára nípa rẹ̀ ni pé kò nílò dátà, ó sì ń wọlé níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ò ti dáa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lẹ́tà tí kò ní àpò ìwé ni. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015, sọ pé kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó bá ẹni sọ̀rọ̀ fún ọdún 2. Láti ìgbà tí àṣẹ NIN ti jáde ní oṣù Kejìlá 2020, orúkọ àti ojú yín ti so mọ́ síìmù. Òótọ́ ni pé ìlànà NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ti 2019 ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kí wọ́n tó lè máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. "Mo ti dé Ṣàgámù o, mo ń dúró de mọ́tò" ni kí ẹ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ.

WhatsApp, níbi tí gbogbo wa wà

Láti oṣù Kẹrin 2016 ni WhatsApp ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di àrokò láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan. Ọgbọ́n tí àwọn Signal gbé kalẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe é, nítorí náà ìpìlẹ̀ kan náà ni àrokò àwọn méjèèjì ní. Ibòmíràn ni ìyàtọ̀ ńlá wà. Facebook ló ra WhatsApp ní 2014, Facebook yẹn náà ló ń jẹ́ Meta báyìí, iléeṣẹ́ tó ń fi mímọ̀ wá ta ìpolówó. Ìránṣẹ́ tí mò ń sọ lẹ́ẹ̀kan, tiwọn ni. Ní oṣù Keje 2024, FCCPC, àjọ ìjọba wa tó ń gbèjà oníbàárà, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lórí bí wọ́n ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ sì fọwọ́ sí owó náà ní oṣù Kẹrin 2025. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí ni ìjọba lè fi iléeṣẹ́ òyìnbó ṣe, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò tíì já àrokò WhatsApp ẹnikẹ́ni lójú mi rí. Àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jò ni mo fẹ́ ká jókòó tì.

Èkíní ni bákọ́ọ̀pù. Tí fóònù yín bá ń kó ọ̀rọ̀ WhatsApp lọ sórí Google Drive lóru, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àrokò mọ́, àfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tan End-to-end encrypted backup, tí wọ́n gbé jáde ní 2021. Settings, Chats, Chat backup ni ẹ máa gbà dé ibẹ̀. Ẹ máa yan páásíwọ̀ọ̀dù, tàbí kẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́ onílẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Tí ẹ bá gbàgbé èyí tẹ́ ẹ yàn, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí i, èmi náà ò lè ṣí i, torí náà ẹ má sáré gbé e wá bá mi.

Èkejì ni Linked devices, ibi tí ẹ ti ń rí àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n so mọ́ WhatsApp yín. Ẹ̀gbọ́n kan wá láti Ọ̀dọ̀gbolú, inú ń bí wọn, wọ́n ní ìyàwó wọn ti rí ẹni bá òun so WhatsApp wọn mọ́ fóònù rẹ̀, torí gbogbo ohun tí wọ́n bá ti sọ ni àwọn ará ìta ń mọ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí i fúnra wọn kí n máa wò. Kọ̀ǹpútà kan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe fóònù. Wọ́n ti lò ó lánàá, ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí wọ́n wà lóko. A ronú títí kí wọ́n tó rántí: wọ́n lọ tẹ ìwé ilẹ̀ kan ní bíìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ọmọdé tó wà níbẹ̀ ní kí wọ́n kàn fi fóònù wo àwòrán onígun mẹ́rin yẹn kí ìwé lè jáde kíákíá. Ìwé jáde lóòótọ́. Ilẹ̀kùn ò sì padé mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n tẹ Log out, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ bá àwọn pe ìyàwó wọn.

Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà 6 tí WhatsApp máa ń fi ránṣẹ́ tí ẹ bá ń gbé e sórí fóònù tuntun. Ẹnì kan á fi orúkọ ẹbí yín kọ̀wé pé òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí yín, kẹ́ ẹ bá òun dá a padà. Ẹ dá a padà, WhatsApp ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn, ilẹ̀ ò ní ṣú kí wọ́n tó fi ohùn yín tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ìjọ. Two-step verification ló máa ń dá a dúró, inú Settings, lábẹ́ Account. Ẹ fún un ní nọ́ńbà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí yín.

Ẹ̀kẹrin, kò sí oògùn rẹ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo béèrè nínú gúrúùpù onílé àdúgbò wa pé kí wọ́n ka ìṣirò owó tíráńsífọ́mà tí a dá fún wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo, kò sí èébú níbẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí síkíríńṣọ́ọ̀tì rẹ̀ fi dé ibi tí mi ò rán an sí, wọ́n sì ti fi ìtàn tirẹ̀ sí i nídìí. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ní kí n wá jókòó síwájú àwọn àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kó ìbéèrè mi kúrò nílẹ̀. Ìṣirò ò tíì dé títí di òní. Àrokò tó le jù láyé ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ mi, ẹni tí mo fi ọwọ́ ara mi rán an sí ló tú u. Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, áàpù ò sì lè yọ ènìyàn kúrò láàárín ènìyàn.

Telegram

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ wa pé Telegram ló bo àṣírí jù. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ń sọ níbẹ̀ lásán, orí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà ló ń sùn sí, wọ́n sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Secret Chat nìkan ló ń pàrokò, ẹni méjì péré ló gbà, ẹ sì ní láti wá a lọ tàn án fúnra yín. Kò sí gúrúùpù kankan lórí Telegram tó jẹ́ àrokò. Láti 2013 tó ti bẹ̀rẹ̀, òkìkí tó ní ni pé kì í dá ìjọba lóhùn. Ní oṣù Kẹjọ 2024, wọ́n mú Pavel Durov tó dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Telegram kéde pé bí ìwé àṣẹ tó bófin mu bá dé, àwọn lè fi nọ́ńbà fóònù ẹni tó bá rú òfin àwọn lé aláṣẹ lọ́wọ́, pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì tó fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì.

Síbẹ̀ mò ń lò ó. Ọmọ mi tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ìbéèrè ìdánwò tó ti kọjá. Fún ohun tí ẹ fẹ́ kí ẹgbẹ̀rún ènìyàn rí láìjẹ́ pé ẹnì kìíní mọ nọ́ńbà ẹnì kejì, ó dára ju gúrúùpù WhatsApp lọ. Ẹ wò ó bíi pátákó ìkéde tó wà lẹ́nu ọjà.

Signal

Àjọ tí kì í ṣe ti èrè ló ni ín. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá WhatsApp sílẹ̀, Brian Acton, kúrò lọ́dọ̀ Facebook, ó sì gbé 50 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ ní 2018 láti fi dá àjọ náà sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ ṣẹlẹ̀ ní 2016, nígbà tí àwọn agbófinró ní ìpínlẹ̀ Virginia, l'Ámẹ́ríkà, fi ìwé ilé ẹjọ́ béèrè gbogbo ohun tí Signal mọ̀ nípa nọ́ńbà fóònù méjì. Ọ̀kan péré nínú wọn ló ní àkáǹtì. Nǹkan méjì ni wọ́n rí gbà: ọjọ́ tí ẹni náà ṣí àkáǹtì, àti ìgbà tó wọlé kẹ́yìn. Wọn ò fi ìyókù pamọ́ fún aláṣẹ, wọn ò ní in ni. Ìránṣẹ́ tí kì í rántí ilé tó wọ̀ nìyẹn. Láti 2024, ẹ tún lè fi orúkọ tí ẹ bá yàn bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìfún un ní nọ́ńbà.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀. Tí fóònù yín bá bọ́ sínú kànga tí ẹ ò tíì ṣe bákọ́ọ̀pù, ọ̀rọ̀ ti lọ. Ọkọ tí Signal bá sì wà lórí fóònù rẹ̀ nìkan nínú gbogbo ẹbí, kó yáa máa múra ẹjọ́ tó máa rò nílé. Fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ta oògùn ọ̀fẹ́, tàbí akọ̀wé tó rí ìwé tí kò yẹ kó rí, mi ò ní júwe ibòmíràn. Ẹ tan Disappearing messages tó máa ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ sì má fi fóònù ibi iṣẹ́ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí ìlú gbọ́

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ jẹ́ fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ pariwo pé omi ẹ̀rọ tí wọ́n ní àwọn gbẹ́ sí àdúgbò yín kò sí níbẹ̀, ìfiwéra mìíràn ni. Ẹsẹ̀ 39 nínú ìwé òfin 1999 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́, bí ẹsẹ̀ 37 ṣe dáàbò bo lẹ́tà àti ìpè yín. Ẹ̀tọ́ wà nínú ìwé, àwa ará Rẹ́mọ sì mọ iye tí ẹnu máa ń náni: Tai Solarin, tó dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nẹ́ ní 1956, ẹ̀wọ̀n àwọn ológun ló wà ní 1984 nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ.

Lóde òní, ẹsẹ̀ 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 yẹn ni wọ́n fi ń mú ènìyàn. Tẹ́lẹ̀, ó tó kí irọ́ tẹ́ ẹ kọ bí ẹnì kan nínú. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ ní oṣù Kẹta 2022 pé ó tako ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ìjọba wa sì tún un ṣe ní 2024: ó ti di irọ́ tí ẹ mọ̀ pé irọ́ ni, tí ẹ kọ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí sínú ewu. Ìyà rẹ̀ lè tó ọdún 3 lẹ́wọ̀n tàbí mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ ara yín kọ ọ́ sórí Facebook, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ "mo dé ibẹ̀, mi ò rí omi." Ẹ má kọ "alága ti jẹ owó omi" bí ẹ ò bá rí i níbi tó ti ń jẹ ẹ́. Orúkọ ayédèrú ò ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀: síìmù tí ẹ fi ṣí àkáǹtì náà, NIN yín ló wà lórí ẹ̀.

Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju Facebook lọ. Òfin FOI ti 2011 jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tó fi ń béèrè, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́tà kì í dún bíi Facebook. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá yín lóhùn, ìwé wà lọ́wọ́ yín. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ lè kọ ìyẹn náà sórí Facebook, òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò sẹ́ni tó máa mú yín fún un.

Ẹ má sì fi gbogbo ohùn yín sí ojú kan. Láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022 ni ìjọba fi ti Twitter pa lórílẹ̀-èdè yìí. Àbúrò ìyàwó mi tó ń ta bàtà níbẹ̀ pàdánù oníbàárà tó fi ọdún mẹ́ta kó jọ, torí kò mọ nọ́ńbà ẹnì kankan nínú wọn. Ní oṣù Keje 2022 ni ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ pé ìtìpa náà kò bófin mu. Ó ti ń ta bàtà l'ójúde ilé nígbà yẹn.

Fóònù màmá

Wọ́n padà dé ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ Signal fún wọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ẹni tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá ni ẹnikẹ́ni tó bá di fóònù mú, àti ọmọ Yahoo. Mo ní kí a ti ojú fóònù, kí a má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa yọ sójú ẹ̀ nígbà tó bá wà ní títì, kí a sì fún WhatsApp ní nọ́ńbà tirẹ̀. Wọ́n jókòó. Wọ́n bi mí bóyá mo ka nǹkan kan. Mo ní mo rí díẹ̀ kí n tó dojú ẹ̀ délẹ̀. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹni tó ń bú alága yẹn ńkọ́, o rí i?"

"Mo rí i, mà."

Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi. Nígbà tó kan pé kí wọ́n tẹ nọ́ńbà tí wọ́n máa fi tì í, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi, wọ́n fi ìborùn bo ọwọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.